Ọwọ́ Tó Bọ́ Onílù

Ilé àyàn ni wọ́n bí mi sí ní Ìlúà. Bí ọmọ ilé wa bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ẹ̀bùn àti ìyìn, kò lè ká ọwọ́ gbera kó máa wò wọ́n, nítorí ohun tí a fi ń jẹun láti ìran dé ìran nìyẹn. Iyàn tó gbòde báyìí ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù yẹ ọjà wò fún aráyé. Ilé iṣẹ́ á fi ìpara, fóònù tuntun, iná sólà tàbí kẹ́míkà oko ránṣẹ́ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé e síwájú kámẹ́rà, wọ́n á ní kò sí irú rẹ̀, àwa tí à ń wò wọ́n á sì tọwọ́ bọ àpò. Àwọn kan ní ìwà ìbàjẹ́ ni, àwọn kan ní òwò ni. Mo ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni ọ̀ràn náà délé ayé. Ó ti pẹ́ tí ọlọ́jà ti ń bọ́ ẹlẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é tí kì í fi í di ẹ̀tàn. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ tọ̀, kí n sì fi ibi tó ti dàrú hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arókin ló ń tọ́jú ìtàn ọba. Oyè ìdílé ni, Ológbò sì ni olórí wọn. Àwọn ló mọ ẹni tó jẹ Aláàfin tẹ̀lé ẹni, ogun tí ọba kọ̀ọ̀kan jà àti bó ṣe wàjà. Ààfin ló ń bọ́ wọn, ààfin ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Òyìnbó, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò, ó sì di 1921 kó tó jáde. Ẹnu àwọn arókin yìí ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé nípa Ṣàngó àti Àjàká, ẹnu tí ọba bọ́ ló ti jáde.

Ṣé irọ́ ni wọ́n wá pa? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwà tí kò dára tí Aláàfin Jáyin hù wà nínú ìwé náà, wọn kò fi bò. Àmọ́ Jáyin ti kú tipẹ́tipẹ́, kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi ni pé kò sí ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ nípa arókin. Gbogbo ayé mọ̀ pé ará ilé ọba ni, wọ́n mọ iyọ̀ tí wọ́n fi se ọbẹ̀ tó ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 1916, nígbà tí ara àwọn ènìyàn wa kò gba kóòtù tuntun àti agbára tí òyìnbó gbé lé Aláàfin lọ́wọ́, kò ní lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin Ọ̀yọ́ láti béèrè. Òkè-Ògùn níbí ni yóò wá.

Òṣèré náà jẹ lára oúnjẹ ọba. Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó ará Scotland kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander. Àgbádárìgì ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì gba apá ọ̀dọ̀ wa yìí kọjá. Ṣakí wà lára àwọn ìlú tó dárúkọ nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Aláàfin fẹ́ ṣe àlejò rẹ̀, ó ní kí àwọn alárìnjó wá dárà fún un. Wọ́n kọ́kọ́ wọ inú àpò jó. Wọ́n gbé òjòlá jáde tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ ṣí lára eégún kan, funfun báláú ló yọ: òyìnbó ni wọ́n fi ṣe! Ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí, ó ń fa áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú, wọ́n ń yọjú wo Clapperton bóyá inú yóò bí i. Òun náà gbà nínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Òṣèré jẹ oúnjẹ ọba tán, ó wá fi àlejò ọba ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọba. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Clapperton kò kọ ọ́ síbì kan pé wọ́n fi Aláàfin fúnra rẹ̀ ṣeré lọ́jọ́ náà.

Ó tó nípa ààfin. Ọjà ni èmi ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyáàlù ni bàbá mi ń lù. Bó bá di ọjọ́ ọjà, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú kẹríkẹrì àti gúdúgúdú, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, wọ́n á yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òrí, wọ́n á kí àwọn obìnrin Fúlàní oníwàrà, wọ́n á parí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó kó aṣọ òfì wá láti Ìṣẹ́yìn. Obìnrin kì í lu ìlù nílé wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa owó. Igbá kékeré kan máa ń wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá lẹ tọ́rọ́ tàbí sísì mọ́ bàbá mi níwájú orí, tí òógùn bá yọ̀ ọ́ jábọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ he é kí ẹsẹ̀ ẹnìkan tó bò ó. Lálẹ́, èmi náà ni mò ń kà á síwájú rẹ̀ lórí ẹní.

Bàbá mi ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Owó kankan kò gbọdọ̀ wọ igbá mi kí òun má tíì fi ìlù dárúkọ ẹni tó fi í sílẹ̀. Kì í lù ú pé aṣọ yìí dára. Yóò lu oríkì ìyá aláṣọ náà, yóò lù ú pé ìyá yìí fún òun ní sísì, yóò wá lù ú pé ó ní aṣọ òun dára. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó ní. Onílù kò sọ pé òun ti wọ̀ ọ́ rí. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń gbọ́ ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀. Ó mọ ẹni tó sanwó, ó mọ iye tó san, ó mọ ohun tó fẹ́ kí ará ọjà gbọ́. Yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ náà wò bóyá òwú rẹ̀ ki.

Nǹkan ọ̀fẹ́ mìíràn wà lọ́jà yẹn tí àwọn tó ń jiyàn lónìí gbàgbé. Oníwàrà á gé díẹ̀ fún ọ pé kí o tọ́ ọ wò. Ẹlẹ́lùbọ́ á bu ìkúnwọ́ kan fún ọ kí o gbóòórùn rẹ̀ kí o mọ̀ pé kò bu. Bí o bá rà á tán, á fi èènì lé e. Ẹ̀bùn ni gbogbo ìyẹn, ilé iṣẹ́ kò sì lè sọ pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó fẹ́ ra ọjà ni ìtọ́wò yẹn ń wọ̀. Ohun tó yí padà lónìí ni pé ilé iṣẹ́ ń fún ẹlòmíràn ní ìtọ́wò wa, ìyẹn á tọ́ ọ wò tán, á wá sọ fún wa bó ṣe dùn. Adùn kò dé ẹnu wa, owó ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Mo wà ní ìwé kẹrin nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ oníyẹ̀fun gbé ọkọ̀ wá sí Ìlúà. N kò ní dárúkọ wọn. Irú ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí ni, tí wọ́n fi ń ta aṣọ funfun lálẹ́ láti fi sinimá han ará ìlú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì ló ṣáájú wọn, ará Èkó ni. Ó bá bàbá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó gbé páálí ọṣẹ kan kalẹ̀, ó fi pọ́n-ùn kan lé e. Mo jókòó sẹ́bàá ògiri, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Bàbá, lọ́la tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ bá wa lu ìlù ọṣẹ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ dárúkọ wa. Ẹ ṣáà lù ú bí ẹni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i pé ó dára.” Bàbá mi wo páálí náà, ó wo owó, ó ní, “Mo gbọ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjà kún lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó fa ọ̀ṣán ìlù rẹ̀ le, ó ní: ọṣẹ dé, ọṣẹ dé, páálí kan ni wọ́n fi kí mi, pọ́n-ùn kan ń bẹ lápò mi, n kò tíì fi fọ ẹ̀wù kan. Ó lù ú títí ó fi wọ gbogbo etí. Àwọn ìyá oníṣu di ìbàdí mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin onítáì ń pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn, nítorí kò gbọ́ ìlù. Wọ́n ra ọṣẹ náà o! Kò sí ẹni tí kò rà lára rẹ̀. Ìyá mi fi tiwa fọ aṣọ ilé ìwé mi, ó funfun gan-an. Ó tún fi fọ ẹtù bàbá mi, aró rẹ̀ ṣàn sínú omi, ẹtù náà ṣá. Ní ọjà tó tẹ̀lé e bàbá mi lu méjèèjì, ó lu ti aṣọ funfun, ó lu ti ẹtù. Kò sẹ́ni tó sanwó ìyẹn fún un.

Ẹ má rò pé mò ń fọ ilé wa mọ́. Àbúrò bàbá mi kan wà tí kò ní ẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Bó bá dúró síwájú ìsọ̀ rẹ tí o kò fún un ní nǹkan, ìlù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà tí ó lè jẹ́ oríkì, tí ó sì lè jẹ́ èébú, ìwọ náà á sì mọ èyí tó jẹ́. Àwọn obìnrin kan ń fún un lówó kó lè kọjá. Wọ́n bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ ìyìn rẹ̀ lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí TikTok, ẹni tó ń kọ̀wé sí onílé oúnjẹ pé bí wọn kò bá pe òun wá jẹun ọ̀fẹ́, òun á sọ fún ayé pé eṣinṣin wà nínú ọbẹ̀ wọn. Iṣẹ́ àbúrò bàbá mi ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ṣáà kàn fi fóònù rọ́pò ìlù ni.

Ní ọjà màálù, onílù kọ́ ni ẹlẹ́nu, dìlálì ni. Ní Ṣakí tàbí ní Sábó Ìbàdàn, ẹni tó da ẹran wá láti òkè kò mọ ẹni tó fẹ́ rà á, ẹni tó fẹ́ rà á kò mọ ẹran tó ní àrùn nínú. Dìlálì ló ń dúró láàárín, yóò yìn ín fún alápatà, yóò sì gba làádà rẹ̀ lórí orí ẹran kọ̀ọ̀kan. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Alápatà mọ̀ pé làádà wà nínú iye tí òun ń san, ó sì mọ ilé dìlálì bí ẹran bá kú sí i lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìgbàlódé láti tajà, dìlálì ti jẹ ẹ́, ó ti yó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àwo orin. Àwo tí Haruna Ishola kọ́kọ́ ṣe, ní 1948, orí Ọba Adéboyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló dá lé, kò sì tà. Ní 1971, nígbà tí ó ti di bàbá nínú àpàlà, ó ṣe “Oroki Social Club” fún ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo, ìyẹn sì wà lára àwọn àwo rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù. Ẹ gbọ́ orin àpàlà, sákárà tàbí jùjú ìgbà náà. Bí olórin bá ń ki oníṣòwò kan, yóò dárúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ohun tó ń tà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń bínú sí i pé orin wa di ti olówó. Òótọ́ ni, ó di ti olówó. Ṣùgbọ́n orúkọ olówó náà wà nínú orin. Ọmọdé tó ń gbọ́ àwo náà lẹ́yìn ogójì ọdún lè tọ́ka sí ẹni tí owó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Inú àpòòwé ni ọ̀ràn náà ti bàjẹ́. Mo ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọ̀gá wa bá fẹ́ ṣí nǹkan tuntun, èmi ni mò ń tẹ ìwé ìpè fún àwọn oníròyìn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, akápò á wọlé pẹ̀lú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, á tò wọ́n sórí tábìlì mi, á máa fi owó tuntun sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi itọ́ lẹ̀ wọ́n. Wọn kì í kọ orúkọ sí i lójú. “Owó ọkọ̀” ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn á jáde pé ọ̀gá wa ṣe bẹbẹ. N kò rí ìwé ìròyìn kan tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n fún òun ní owó ọkọ̀. Ènìyàn tó ra ìwé ìròyìn yẹn ní Ìlúà rò pé ojú tó lọ wò ó ló kọ ọ́. Ẹnu jẹ, ojú tì, ẹni tó ń kàwé kò sì mọ̀ pé ẹnu jẹ nǹkan kan.

Àwọn oníròyìn fúnra wọn mọ̀. Ní 1998 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹnu kò ní Ìlọrin lórí ìlànà iṣẹ́ wọn, ó sì wà níbẹ̀ gbangba pé oníròyìn kò gbọdọ̀ béèrè tàbí gba rìbá láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Ìlànà náà dára. Akápò wa kò sì ṣíwọ́ àpòòwé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà rí irú èyí kí ó tó kàn wá. Láàárín 1959 sí 1960, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pe àwọn tó ń gbé àwo sórí rédíò wá sọ tẹnu wọn, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ àwo ń fún wọn lówó lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé orin tiwọn. Alan Freed tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1960 kò ní kí rédíò má gbowó. Ó ní bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbọ́. Ní 2009, àjọ FTC tó ń bójú tó òwò lọ́hùn-ún mú ìlànà kan náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sórí ayélujára. Amazon ní tirẹ̀ fòfin de àyẹ̀wò tí olùtajà bá fi ọjà ọ̀fẹ́ gbà ní 2016, ó ṣẹ́ ku ètò kan ṣoṣo tiwọn tó ń jẹ́ Vine, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára àyẹ̀wò pé ọ̀fẹ́ ni ọjà náà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Páálí kan ni wọ́n fi kí mi!

Àwa náà ní òfin nílé. Ní 2022 ni ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ọjà, gba ipò APCON, òfin tó gbé e dìde sì ní kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, títí kan ti orí ayélujára. Nínú gbogbo ọmọ tó ń yẹ ọjà wò tí mo mọ̀ ní Òkè-Ògùn, n kò tíì bá ẹni tó mọ̀ pé ìpolówó ni ohun tí òun ń ṣe.

Ohun tí a wá mú ní lílé ni owó tí gbogbo ojú ń rí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ná owó fún olórin lójú agbo tàbí láti jó lórí rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ìdí òfin, owó tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ẹ wo ibi tí a bá ara wa. Ẹni tó lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí níṣojú igba ènìyàn ni EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ń lé kiri. Ẹni tó fi ọjà ránṣẹ́ sílé ẹlẹ́nu, tó ní kó sọ pé òun fúnra òun ló rí i pé ó dára, ń sùn dáadáa.

Èyí tó tún burú ni ohun tó ń dé bá ẹni tí kò gba ẹ̀bùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan fi owó ara rẹ̀ ra tòmátò tí ilé iṣẹ́ Erisco ń ṣe, ó wá kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ náà fi ẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá mú un ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, ilé iṣẹ́ náà tún pe ẹjọ́ bílíọ̀nù márùn-ún náírà lé e lórí. Ilé iṣẹ́ ní ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ilé ẹjọ́ ló ni kó dájọ́ ìyẹn, kì í ṣe èmi. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé àwọn baba wa máa ń sọ pé ọba kì í pọ̀kọrin. Ọba tó ní ogun, tó ní idà, gbà kí wọ́n máa kọrin bú òun lọ́jọ́ ọdún, kó lè mọ ohun tí ìlú ń rò. Tòmátò inú agolo wá ju ọba lọ?

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé bí onílù bá dárúkọ ẹni tó fún un lówó tán, kò tán nílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbà. Nínú gbogbo ọjà tí mo bá bàbá mi ná, obìnrin kan wà tó ń ta igbá fífín lẹ́yìn ilé ìsìn Mùsùlùmí. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ìyá mi kì í ra ti ẹlòmíràn. Bàbá mi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí kò ní sísì tó lè fún un. Kò sí irọ́ kankan nínú ìlù bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìlù nìkan mọ ọjà Ìlúà kò ní mọ̀ pé obìnrin yẹn wà láyé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn tó lè fún gbajúmọ̀ orí Instagram ní ìró àti gèlè aṣọ òfì lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ìyàwó tuntun á mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò lè fún un, bí òwú rẹ̀ bá ki ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, ó dọwọ́ ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí òfì rẹ̀. Ìyẹn kò ní òògùn nínú òfin Amẹ́ríkà, kò sì ní òògùn nínú òfin bàbá mi.

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé Ìlúà níbí, àgbẹ̀ ni. Ó ń fi fóònù ya nǹkan oko: ẹ̀rọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn fín oògùn, iná sólà, àti oògùn apakoríko jù lọ. Èdè wa ló fi ń sọ ọ́, àwọn àgbẹ̀ láti Ìlerò títí dé Ṣakí ló ń wò ó. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń fi kẹ́míkà ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún tó kọjá ó yin ọ̀kan kó tó fín in. Àgbẹ̀ kan rà á, ó fín in sí ẹ̀gúsí rẹ̀, koríko kú, ẹ̀gúsí náà kú. Ọkùnrin náà wá bá a nílé, kò pariwo, ó ṣáà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú mi pé, “Ṣé o rà á ni, àbí wọ́n fún ọ?” Ọmọ náà kò lè dáhùn. Èmi ni mo pè é jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ páálí ọṣẹ fún un.

Láti ìgbà náà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú fídíò ni pé, “Wọ́n fún mi ni, n kò rà á. Mo ti fín in sí oko bàbá mi lónìí, mò ń bọ̀ wá fi hàn yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Àwọn tó ń wò ó kò dín kù. Nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta yẹn, méjì ti dáwọ́ dúró, wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹta ṣì ń fi ránṣẹ́.